Robert Maxwell: Ọlọ́rọ̀ Tó Fi Ẹjọ́ Pa Oníròyìn Lẹ́nu Mọ́

Ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, ọdún 1991, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi afẹ́ kan ń wá ọ̀gá wọn kiri. Wọ́n wo yàrá rẹ̀, wọ́n wo orí ọkọ̀, wọ́n wo gbogbo kọ̀rọ̀, wọn kò rí i. Ọkọ̀ náà wà nítòsí àwọn erékùṣù Canary, lórí òkun Àtìláńtíìkì. Lady Ghislaine ni orúkọ rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó parí, wọ́n rí òkú ọ̀gá náà tó léfòó lórí omi. Robert Maxwell ni, ẹni ọdún 68, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Òun ló ni Daily Mirror, ìwé ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù ń kà láràárọ̀.

Fún ọjọ́ mélòó kan, ìyìn ni àwọn èèyàn ńlá ń kó lé e lórí. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì sin ín sórí Òkè Ólífì ní ọjọ́ 10 oṣù náà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì àti olórí ìjọba ibẹ̀ wà níbi ìsìnkú náà. Ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí àṣírí fi tú. Ó ju £400 mílíọ̀nù lọ tí wọ́n wá tì nínú àpò owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ni owó tí òṣìṣẹ́ ń dá díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, kí ó lè rí nǹkan jẹ nígbà tí agbára iṣẹ́ bá tán. Ẹni tó bá ti rí àgbàlagbà tó ń tò sórí ìlà nítorí owó yìí, ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́, kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa ohun tí òfo náà jẹ́.

Ìbéèrè tó wá gba ẹnu gbogbo èèyàn ni pé, ṣé kò sí ẹni tó mọ̀ ni? Àwọn kan fura. Àwọn kan tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a fi ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹnì kan bá sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ẹlòmíràn, tí àwọn èèyàn sì tipa bẹ́ẹ̀ ń fi ojú burúkú wo ẹni náà, a máa ń sọ pé ó bà á lórúkọ jẹ́. Láti inú gbólóhùn yìí ni a ti rí ọ̀rọ̀-orúkọ náà, ìbanilórúkọjẹ́, tí àwọn agbẹjọ́rò ń lò. Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ ni wọ́n ní ó bàjẹ́, kì í ṣe ara, kì í ṣe dúkìá. Òfin tó ń dáàbò bo orúkọ èèyàn kì í ṣe òfin búburú. Àwa náà gbà pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ṣùgbọ́n àdá tí a fi ń ro oko náà ni a lè fi ṣá èèyàn.

Orúkọ Maxwell fúnra rẹ̀ ní ìtàn, nítorí kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 1923, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Slatinské Doly. Czechoslovakia ló ni ìlú náà nígbà yẹn. Lónìí, ó wà ní orílẹ̀-èdè Ukraine, wọ́n sì ń pè é ní Solotvyno. Ìdílé Hoch ni wọ́n bí i sí. Júù ni wọ́n, èdè Yiddish ni wọ́n ń sọ nílé, òṣì sì ń ta wọ́n. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti kúrò nílé. Ó dé ilẹ̀ Faransé, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Czechoslovakia tó wà níbẹ̀, nígbà tí Jámánì sì ṣẹ́gun Faransé ní ọdún 1940, ó bá wọn wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni ọdún 17 ni. Díẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́, bó bá tilẹ̀ gbọ́ ọ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè tuntun, ẹ gbọ́ o: láàárín ọdún díẹ̀, ó ti ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sí ilé ọlọ́lá, kò sì sí olùkọ́ tó fún un ní ìwé kíkà bí irú èyí.

Àwọn tó fi sílẹ̀ nílé kò rí ibi sá sí. Púpọ̀ nínú àwọn ará ilé rẹ̀, títí kan ìyá àti bàbá rẹ̀, ni wọ́n pa nínú ìpakúpa tí ìjọba Hitler ṣe. Kò sí bí a ṣe lè ka ìyókù ìtàn yìí ká gbàgbé èyí.

Nínú iṣẹ́ ológun, ó ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Ó jẹ́ du Maurier, orúkọ tó wà lára páálí sìgá. Ó jẹ́ Jones. Lẹ́yìn náà ló wá di Robert Maxwell. Ìdí kan wà fún un: bí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì bá tẹ Júù ọmọ Czechoslovakia tó wọ aṣọ ológun Gẹ̀ẹ́sì, kò dájú pé wọ́n á dá a sí. Yorùbá máa ń wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti Maxwell, kò sí ilé kankan tó lè wò mọ́. Ó ja ogun náà dáadáa. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Military Cross fún ìgboyà tó fi hàn ní oṣù kìíní ọdún 1945. Ní ọdún yẹn kan náà ló fẹ́ Elisabeth Meynard, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí. Méjì nínú wọn kú ṣáájú àwọn òbí wọn.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi í sí iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìwé ìròyìn ní ìlú Berlin. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jámánì ní ìmọ̀ púpọ̀ tí gbogbo ayé ń fẹ́ kà, ṣùgbọ́n ogun ti dí ọ̀nà títà àti rírà. Ó bá ilé iṣẹ́ Springer ṣe àdéhùn pé òun yóò máa ta ìwé wọn lẹ́yìn odi. Ní ọdún 1951, ó ra ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan, ó sì sọ ọ́ ní Pergamon Press. Bí ẹ bá lọ sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ní ilé ìkàwé yunifásítì yín, tí ẹ sì yẹ ẹ̀yìn àwọn ìwé tó ti pẹ́ wò, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí orúkọ náà. Iṣẹ́ yìí mówó wọlé gan-an. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yunifásítì sì ń fi owó gọbọi ra ìwé tí àwọn olùkọ́ wọn fúnra wọn kọ. Olùkọ́ ni mí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù níbí.

Ó wọ ilé aṣòfin ní ọdún 1964 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, ó ṣojú fún Buckingham títí wọ́n fi yọ ọ́ ní ìdìbò ọdún 1970. Láàárín àkókò yẹn, ó gbìyànjú láti ra ìwé ìròyìn News of the World, ó sì tún gbìyànjú láti ra The Sun. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Rupert Murdoch gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọdún 1969 ni ìṣòro ńlá àkọ́kọ́ dé. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Leasco, fẹ́ ra Pergamon. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé èrè tí Maxwell ń pariwo rẹ̀ kò rí bó ṣe sọ ọ́. Ìjọba yan àwọn olùwádìí. Nígbà tí ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1971, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí a fi ilé iṣẹ́ tí ará ìlú ní ìpín nínú rẹ̀ sí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sí ẹlòmíràn, ì bá ti lọ jókòó jẹ́ẹ́ sí ilé rẹ̀. Maxwell pe àwọn olùwádìí náà lẹ́jọ́. Ó ní wọn kò fún òun láyè tó láti wí tẹnu òun. Ó pàdánù ẹjọ́ náà ní ọdún 1974, ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ló tún gba Pergamon padà. Ó dà bí ẹni pé ohun tó rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹjọ́ tí èèyàn pàdánù pàápàá lè ra àkókò.

Láti ìgbà náà lọ, ó tún ń gòkè. Ó gba ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé British Printing Corporation tó ń kú lọ, ó sì jí i dìde. Ó ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Oxford United nígbà tí gbèsè fẹ́ pa á. Ní oṣù keje ọdún 1984, ó fi £113 mílíọ̀nù ra Mirror. Láti ọjọ́ náà, àwòrán rẹ̀ kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Bí ebi bá pa ọmọ aráyé níbì kan, Maxwell ni yóò gbé oúnjẹ lọ, Mirror ni yóò sì ya fọ́tò rẹ̀. Ní ọdún 1986, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje eré ìdárayá Commonwealth ní Edinburgh, Nàìjíríà àti Ghana wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní àwọn kò ní wá, nítorí pé Margaret Thatcher kọ̀ láti fìyà jẹ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ilẹ̀ South Africa. Orílẹ̀-èdè 32 ni kò wá nígbẹ̀yìn. Owó ìdíje náà kò tó, Maxwell sì dìde, ó ní òun yóò gbà á là. Ó gba ipò alága, ó jókòó níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Ẹni tó ń wá ìyìn tó bẹ́ẹ̀ kò lè fara da èébú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ti wọlé nìyẹn.

Láti lóye agbára tí ẹjọ́ ní lọ́wọ́ rẹ̀, a ní láti mọ bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́, ẹni tó pẹjọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé lágbájá ń jalè, tí lágbájá sì pè yín lẹ́jọ́, kì í ṣe òun ni yóò fi hàn pé olóòótọ́ ni òun. Ẹ̀yin ni ẹ ó fi hàn pé olè ni. Ẹ ó fi hàn níwájú adájọ́, pẹ̀lú ìwé àti ẹlẹ́rìí. Ta ni yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí? Àwọn tó mọ ohun tó ń lọ nínú ilé iṣẹ́ Maxwell ni àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún oníròyìn ní ìkọ̀kọ̀ kì í fẹ́ wá dúró ní kóòtù ní gbangba.

Èkejì ni owó. Bí ìwé ìròyìn bá tilẹ̀ jàre, ó ti lè ná owó tó pọ̀ sórí agbẹjọ́rò kí ó tó jàre, kì í sì í sábà rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. Bí ó bá jẹ̀bi, yóò san owó gbà-má-bínú, yóò tún san owó agbẹjọ́rò ẹni tó pè é. Olóòtú tó bá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní alẹ́, tó ń ro bóyá kí òun tẹ ìròyìn kan, kì í béèrè pé ṣé òótọ́ ni nìkan. Ó ń béèrè pé èló ni òótọ́ yìí yóò ná wa.

Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù, òun sì ni Maxwell mọ̀ lò jù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé iwájú ilé ẹjọ́, àwọn oníròyìn yòókù máa ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé wọ́n ń dí ẹjọ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kú kò nílò láti jàre. Kò tilẹ̀ nílò kí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìpẹ̀jọ́ nìkan ti tó. Maxwell lè fi ìwé ránṣẹ́ lónìí, kí ó fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ kí eruku bò ó fún ọdún mẹ́ta, gbogbo ẹnu yóò sì wà ní pípa títí di ìgbà náà. Àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ ọ́n, àwọn oníròyìn mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ó sì tún jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá oníròyìn: akọ̀ròyìn tó bá bú u lónìí lè wá iṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́la.

Ẹjọ́ tí àwọn èèyàn rántí jù ni èyí tó bá Private Eye jà. Ìwé ẹ̀fẹ̀ ni Private Eye, tó máa ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tó ń fi àwọn ọlọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́, tó sì tún máa ń wá àṣírí jáde. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi Maxwell ṣeré. Ní ọdún 1985, ó kọ ọ́ pé Maxwell ń san owó ìrìn-àjò Neil Kinnock, olórí ẹgbẹ́ Labour, nítorí pé ó ń retí pé kí wọ́n fi òun joyè, kí òun lè wọ ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá. Maxwell pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 1986, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà níwájú àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti bá adájọ́ jókòó. Private Eye ní àwọn ní ẹni tó sọ fún àwọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè mú un jáde. Ní kóòtù yẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìdílé rẹ̀ tí wọ́n pa, Maxwell sunkún. Mi ò rò pé ẹkún ẹ̀tàn ni. Èèyàn lè jẹ́ òpùrọ́ nípa owó kí ó sì jẹ́ ọmọ òrukàn tòótọ́.

Wọ́n dá a láre. £5,000 ni wọ́n ní kí wọ́n fi tún orúkọ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi £50,000 lé e láti fi jẹ Private Eye níyà. Owó agbẹjọ́rò tí wọ́n san ju èyí lọ púpọ̀. Kò tẹ́ Maxwell lọ́rùn. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ Mirror ṣe ìwé kan tó jọ Private Eye láti fi bú Private Eye, ó sì tẹ ìwé odindi jáde nípa ẹjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láì ṣe ojúsàájú: wọn kò lè fi ẹ̀rí gbe ohun tí wọ́n kọ ní ọdún 1985, díẹ̀ nínú àwàdà tí wọ́n ń fi í ṣe sì dá lórí pé àjèjì ni. Ẹni tó bá ti gbé ní ìlú onílùú mọ bí irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ṣe ń dùn ní ara ẹni tí wọ́n ń dá a sí. Irú nǹkan báyìí ló jẹ́ kí ó rọrùn fún un láti dà bí ẹni tí wọ́n ń ni lára, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń ni àwọn mìíràn lára.

Ìtàn Tom Bower yàtọ̀ sí ti Private Eye, nítorí pé iṣẹ́ ìwádìí gidi ni tirẹ̀. Bower jẹ́ oníròyìn BBC tẹ́lẹ̀. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Maxwell láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1988. Maxwell pè é lẹ́jọ́, ó pe àwọn tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́jọ́, ìhàlẹ̀ rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé. Ẹ ro ipò ẹni tó ni ilé ìtàwé kékeré: kò kọ ìwé náà, kò mọ ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀, èrè tó wà lórí ẹ̀dà kan kò tó nǹkan. Kí ni yóò ṣe bí lẹ́tà agbẹjọ́rò bá dé? Yóò kó ìwé náà kúrò lórí tábìlì ni. Báyìí ni ìwé ṣe lè kú láìsí pé adájọ́ kankan pa á. Ní ọdún yẹn kan náà, ìtàn ìgbésí ayé Maxwell mìíràn jáde, èyí tí Joe Haines kọ. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Mirror ni Haines, Maxwell ló sì ní kó kọ ọ́.

Ní àkókò tí gbogbo èyí ń lọ, owó ń tán. Ní ọdún 1988, Maxwell ra ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Macmillan ti Amẹ́ríkà ní bílíọ̀nù 2.6 dọ́là, ó sì tún ra ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé àkókò ọkọ̀ òfuurufú ní 750 mílíọ̀nù dọ́là. Gbèsè ló fi rà wọ́n. Nígbà tí èlé ń ga, tí ọjà kò sì lọ mọ́, ó ní láti máa wá owó kiri. Ní ọdún 1991 ó ta Pergamon, àkọ́bí rẹ̀ nínú òwò, ní £440 mílíọ̀nù. Ó ta apá kan lára Mirror fún ará ìlú. Síbẹ̀, ó tún lọ ra Daily News ti New York.

Kò tó. Ó yíjú sí àpò owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn àpò náà ní ìpín nínú oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ Maxwell fúnra rẹ̀ ló sì ń bójú tó wọn. Ó mú àwọn ìpín yìí, ó fi wọ́n dógò lọ́dọ̀ àwọn báńkì láti yá owó fún ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, fi dógò. Láyé àtijọ́, èèyàn lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè. Maxwell fi ogbó àwọn ẹlòmíràn dógò, wọn kò sì mọ̀. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí owó wọn wà, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò dé ibi tó yẹ.

Ọdún 1991 ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Ní oṣù kẹsàn-án, ètò Panorama lórí tẹlifíṣọ̀n BBC gbé ìròyìn jáde nípa òwò rẹ̀ àti nípa ìdíje tí Mirror ń ṣe fún àwọn òǹkàwé. Maxwell pe BBC lẹ́jọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Seymour Hersh, oníròyìn ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde nípa bọ́ǹbù átọ́míìkì ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ó sọ nínú rẹ̀ pé Maxwell ní àjọṣe pẹ̀lú àwọn amí ilẹ̀ náà. Àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù rí i, wọ́n kà á, wọ́n gbé e tì. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìpẹ̀jọ́. Àwọn aṣòfin méjì, láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tó ń bá ara wọn jà, ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ohun tí aṣòfin bá sọ nínú ilé aṣòfin, kò sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, ìwé ìròyìn sì lè ròyìn ohun tó sọ. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Maxwell ti pe Hersh àti àwọn tó tẹ ìwé rẹ̀ lẹ́jọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó kú sínú omi.

Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní Spéìn sọ pé àyà rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀ tó sì rì sómi. Àwọn mìíràn ní ó pa ara rẹ̀, àwọn mìíràn tún ní wọ́n pa á ni. Ìyẹn ti di ìtàn tí kò lópin, mi ò sì ní fi àkókò wa ṣòfò lórí rẹ̀. Ohun tó kàn wá ni òfin kan: lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, a kò lè ba òkú lórúkọ jẹ́. Ọjọ́ tí èèyàn bá kú, agbára rẹ̀ láti pẹjọ́ nítorí orúkọ rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àwọn oníròyìn ti kó sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, títí kan Mirror fúnra rẹ̀, tó kọ àkọlé gàgàrà nípa owó tí ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó lọ.

Nǹkan bí 32,000 ni àwọn tí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì náà kàn. Àwọn tó ti fi ogójì ọdún tẹ̀wé, tí wọ́n ti fi eruku yíǹkì ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, ń kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin láti béèrè ohun tí wọn yóò jẹ. Ó di ọdún 1995 kí wọ́n tó fẹnu kò sí £276 mílíọ̀nù láti fi dí ihò náà. Àwọn báńkì san apá kan, ìjọba náà sì dá sí i. Wọ́n pe àwọn ọmọ Maxwell méjì lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre ní ọdún 1996. Ní ọdún 1995 ni ilé aṣòfin ṣe òfin tuntun lórí owó ìfẹ̀yìntì, kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ má baà tún lè máa ná an bí owó àpò rẹ̀.

Òfin ìbanilórúkọjẹ́ kò tètè yí padà bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ láti ọdún 1964, nínú ẹjọ́ tí Sullivan pe New York Times, pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé oníròyìn mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa, tàbí pé kò bìkítà bóyá irọ́ ni; lẹ́yìn náà ni wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn gbajúmọ̀ mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́rọ̀ ayé fi fẹ́ràn kóòtù Lọ́ńdọ̀nù ju ti New York lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tuntun ní ọdún 2013: ẹni tó bá pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìpalára tó ṣe òun pọ̀, oníròyìn sì lè sọ pé nítorí ànfààní ará ìlú ni òun ṣe kọ ọ́. Ní Kánádà, Quebec àti Ontario ní òfin tó jẹ́ kí adájọ́ lè tètè da ẹjọ́ nù bó bá jẹ́ pé ìdẹ́rùbani lásán ni. Ní Nàìjíríà, òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá ni ìpìlẹ̀ tiwa, lẹ́tà agbẹjọ́rò sì ṣì ń dẹ́rù ba olóòtú ní Ìkẹjà bó ṣe dẹ́rù bà wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1988.

Tom Bower kò fi Maxwell sílẹ̀. Ó padà sórí iṣẹ́ náà, ó ka àwọn ìwé báńkì, ó bá àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ kejì jáde ní ọdún 1995. Àwọn ilé ìtàwé tò ó sórí tábìlì wọn, kò sì sí lẹ́tà tó lè wá láti ọ̀dọ̀ Maxwell mọ́.